Yìnyín Inú Ẹ̀rọ àti Iná Tí Ń Ṣe É: Ọ̀rọ̀ sí Ará Ofosu

Láyé àwọn baba wa, ojú ọ̀run nìkan ni yìnyín ti í wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, tí òkúta omi funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé, àwọn ọmọdé a sáré jáde láti ṣà á jẹ, àwọn àgbà a sì máa gbàdúrà kí ó má ba nǹkan oko jẹ́. Lónìí, yìnyín ti di ọjà. Ilé iṣẹ́ ni a ti ń ṣe é, ọkọ̀ ni a fi ń kó o, òòlù ni a fi ń fọ́ ọ, a sì ń tà á fún ẹlẹ́ja, fún ọlọ́tí àti fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìnáwó. Ohun tí a ń rà lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe é. Kì í ṣe nítorí ọgbọ́n ìwé nìkan ni a fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí omi ti ń di yìnyín yóò mọ ohun tí ó mú yìnyín wọ́n, yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó bọ́ sí ẹnu òun àti èyí tí kò yẹ, yóò sì mọ ohun tí ó tọ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ìbò òun.

Ìlú Ofosu ni a yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá tí gbogbo ayé mọ Ìdànrè mọ́ ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ilẹ̀ igbó ni, lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣàgámù gba Orè lọ sí Bìní, nítòsí ààlà Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Igbó ọba kan ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó sì ti ti ìlú púpọ̀ wá ṣe oko ní agbègbè náà. Àwọn èrò tí ń ti Èkó lọ sí Bìní àti sí ìhà ìlà oòrùn ní láti gba ibẹ̀ kọjá. Ní ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀sán fúnra rẹ̀ ni ó ń bá àwọn tí ń ta omi tútù polówó. Ẹja tí ń ti etí òkun àwọn Ìlàjẹ gòkè wá láti ọjà Ìgbókòdá kò sì lè dé ìlú òkè ní tútù bí kò bá sí yìnyín. Ọ̀rọ̀ yìnyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì ní irú ìlú yìí; ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni.

ÒTÚTÙ KÌ Í ṢE OHUN TÍ A Ń BÙ SÍ OMI

Èrò kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ẹ̀rọ ń fi òtútù sínú omi. Kò sí òtútù tí a lè bù sínú nǹkan bí a ti ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ìgbóná nìkan ni ó wà. Bí a bá yọ ìgbóná kúrò lára nǹkan, a ní nǹkan náà tutù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára omi tó bí ó ti yẹ, omi náà yóò dì. Gbogbo iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìnyín kò ju èyí lọ: kí a kó ìgbóná kúrò nínú omi, kí a sì lọ dà á sí ibòmíràn.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbé àmù sí igun ilé mọ èyí ní ìṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ìwé. Ara àmù a máa làágùn. Omi ń gba inú amọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn àmù, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ gbẹ. Omi kì í sì í gbẹ lọ́wọ́ òfo. Kí ó tó lè bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ní láti gba ìgbóná dání. Lára àmù àti lára omi tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó ti ń gba ìgbóná yìí, nítorí náà ni èyí tí ó kù fi ń tutù. Bákan náà ni sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá ènìyàn kí ó tó gún un lábẹ́rẹ́. Sípíríìtì náà kò tutù nínú ìgò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti kan ara ni ara ń tutù, nítorí pé ó ń yára gbẹ ju omi lọ, ó sì ń kó ìgbóná ara lọ bí ó ti ń gbẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jígáwá, mú ọgbọ́n àmù yìí lò ní àwọn ọdún 1990. Ó ki ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó fi iyanrìn tí a bu omi rin sí àárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Tòmáàtì àti ẹ̀fọ́ tí ì bá bàjẹ́ kíákíá ń pẹ́ nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń pẹ́ níta lọ fíìfíì. Ní ọdún 2000, iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Rolex. Ó yẹ kí inú gbogbo olùkọ́ dùn sí èyí, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni olùkọ́ ẹgbẹ́ wọn sọ di ìrànlọ́wọ́ fún tálákà.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ilẹ̀ òkè ọya ni ó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ igbó bí Ofosu, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti gba òmíràn. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Àti pé, níbi gbogbo ní ilẹ̀ wa, àmù lè mú omi tutù, kò lè mú un dì. Kí omi tó lè dì ní ilẹ̀ olóoru, a ní láti wá ohun mìíràn tí ń gbẹ pẹ̀lú agbára ju omi àti sípíríìtì lọ, kí a sì mọ bí a ó ti máa gbá a mú padà lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ, kí a lè tún un lò.

ÀWỌN TÍ Ó WÁ Ọ̀NÀ RẸ̀

Kí a tó rí ọ̀nà yìí, ńṣe ni àwọn òyìnbó ń gé yìnyín lórí adágún omi nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà. Ní 1806, Frederic Tudor ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà kó yìnyín lọ sí erékùṣù Martinique. Ní 1833, ọkọ̀ rẹ̀ kó nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù lọ sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin lójú òkun, nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ṣì kù tí kò yọ́. Ìyẹ̀fun igi tí ó ń bọ́ lára pákó tí a bá fi ayùn là wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò yìnyín máa ń fi wé e. Ayùn pọ̀ ní ilẹ̀ igi gẹdú bí ti Ofosu, nítorí náà ó dára kí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé ohun tí à ń dà nù ní ilé ìlagi, ìgbàlà ni fún yìnyín.

Ní 1834, Jacob Perkins gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ kan tí ó ń lo ohun tí ń yára gbẹ, tí ó sì ń gbá a mú padà. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ John Gorrie rí bí ibà ti ń pa àwọn tí ó ń tọ́jú, ó fẹ́ kí yàrá wọn tutù, ó sì gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ yìnyín ní 1851. Ní ilẹ̀ Australia ní àwọn ọdún 1850, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ yìnyín jẹ́ oníwèé ìròyìn bíi tiwa. James Harrison ni orúkọ rẹ̀, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn ìlú Geelong. Ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó ń fi ether fọ àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni ó kíyè sí i pé lẹ́tà náà ń tutù nini lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1870, Carl Linde ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ẹ̀rọ tí ń lo amóníà, èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yìnyín ńláńlá sì ń lò títí di òní yìí.

BÍ ILÉ IṢẸ́ YÌNYÍN TI Ń ṢIṢẸ́

Amóníà ni ohun tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú bí ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Omi ní láti gbóná dé díígírì 100 kí ó tó hó. Amóníà kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú u sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lásán, yóò máa hó ní díígírì 33 sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti í dì gbagidi. Ohun tí ń hó nínú òtútù bẹ́ẹ̀ lè gba ìgbóná lára yìnyín pàápàá.

Nínú ilé iṣẹ́ náà, inú páìpù tí a dì pa ni amóníà ń gbé, ó sì ń yípo. Ibi mẹ́rin ni ó ń kọjá. Ní ibi àkọ́kọ́, a rì páìpù náà sínú ọpọ́n ńlá tí ó kún fún omi iyọ̀. Níbẹ̀ ni amóníà ti ń hó tí ó sì ń di gáàsì, bí ó sì ti ń hó ni ó ń fa ìgbóná kúrò lára omi iyọ̀ náà. Ní ibi kejì, ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fa gáàsì náà mu, ó sì fún un pọ̀ pẹ̀lú agbára. Ẹni tí ó bá ti fi póńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí póńpù a máa gbóná, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì amóníà ń gbóná gidigidi. Ní ibi kẹta, gáàsì gbígbóná náà gba inú àwọn páìpù tí omi lásán tàbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lára. Ó da ìgbóná rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún di olómi. Ní ibi kẹrin, ó gba ojú ihò tóóró kan kọjá. Bí ó ti bọ́ níbẹ̀, ìfúnpọ̀ rẹ̀ tú, ó sì tún tutù, ó padà sínú ọpọ́n omi iyọ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Fìríìjì inú ilé náà kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ó kéré, àti pé gáàsì mìíràn ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fìríìjì tí ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ìgbóná tí a kó kúrò lára omi àti ẹran tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìgbóná iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Òǹkàwé lè béèrè ìdí tí a fi ń lo omi iyọ̀. Ìdí ni pé omi lásán a máa dì ní díígírì òdo, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi, ó lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa láì dì. Nǹkan bí díígírì 10 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń mú omi iyọ̀ náà dé. Omi tí a fẹ́ sọ di yìnyín kò gbọdọ̀ kan omi iyọ̀ yìí. Inú àwọn garawa onírin ni a ń pọn ọ́n sí, a sì ń rì garawa wọ̀nyí sínú ọpọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ìgbóná omi inú garawa ń gba ara irin bọ́ sínú omi iyọ̀, omi iyọ̀ gbé e fún amóníà, amóníà sì gbé e jáde. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ènìyàn tò láti etí odò dé ibi iná tí ń jó, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ̀gbẹ́ garawa ni omi ti kọ́kọ́ ń dì, lẹ́yìn náà ni ó ń dì lọ sí àárín. Yìnyín tí ó ti dì ní ẹ̀gbẹ́ di bí aṣọ tí ó bo èyí tí ó wà ní inú, kì í jẹ́ kí ìgbóná tètè jáde. Nítorí náà, bí ìnípọn yìnyín bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí yóò gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Láti wákàtí 8 títí dé 24 ni ó ń gbà, gẹ́gẹ́ bí bílọ́ọ̀kù náà bá ti tóbi tó. Omi tí ó mọ́ ni ó kọ́kọ́ ń dì. Ó ń ti afẹ́fẹ́ àti ohun tí ó yòrò sínú omi síwájú, títí wọn yóò fi kó jọ sí àárín. Ohun tí ó fa ojú funfun tí a ń rí ní àárín bílọ́ọ̀kù nìyẹn. Bí ó bá dì tán, wọn yóò gbé garawa sínú omi lásán fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yóò yọ́ díẹ̀, yìnyín yóò sì yọ̀ jáde, nítorí pé ẹnu garawa fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ.

ÌṢIRÒ KAN FÚN KÍLÁÀSÌ

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ kọ ìṣirò yìí sí ojú pátákó. Ẹ mú ìgbóná tí ó lè fi díígírì 1 gbé lítà omi 1 sókè, kí ẹ pe èyíinì ní ìwọ̀n 1. Bí omi bá wà ní díígírì 28, bí omi wa ti sábà máa ń wà, a ní láti yọ ìwọ̀n 28 kúrò nínú lítà kan kí ó tó dé òdo. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé òdo, kò tíì dì. A ní láti tún yọ ìwọ̀n 80 kúrò kí ó tó di yìnyín, ní gbogbo àsìkò yìí ohun tí a fi ń wọn ìgbóná kò sì ní yẹ̀ kúrò lórí òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 108. Èyí fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ náà wà nínú dídì. Ìdí nìyí tí omi inú fìríìjì fi ń tètè tutù ṣùgbọ́n tí ó ń pẹ́ kí ó tó dì. Ìdí kan náà ni ó mú kí yìnyín níye lórí fún ẹlẹ́ja: ìwọ̀n 80 tí a yọ kúrò nínú rẹ̀ ni yóò tún gbà padà lára ẹja kí ó tó yọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ owó. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ilé iṣẹ́ bílọ́ọ̀kù yìnyín tí ó wà ní ipò dáadáa ń lo nǹkan bí yúníìtì iná 55 sí 70 láti ṣe tọ́ọ̀nù yìnyín 1. Ẹ jẹ́ kí a mú 60. Bílọ́ọ̀kù tí ó wọn kílò 25 yóò jẹ yúníìtì 1 ààbọ̀, èyí tí ó tó láti tan gílóòbù wáàtì 10 fún wákàtí 150. Ní oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí a gbé owó iná àwọn tí a ní kí ó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ dé ₦225 fún yúníìtì 1, iná tí ó wọ inú bílọ́ọ̀kù yìí kan ṣoṣo yóò jẹ́ ₦337.50. Bí kò bá sí iná ìjọba ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ tí ó dára ń mú nǹkan bí yúníìtì 3 jáde láti inú lítà dísù 1. Ààbọ̀ lítà dísù ni ó wà nínú bílọ́ọ̀kù kan nìyẹn. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé béèrè iye tí wọ́n ń ta lítà dísù lónìí, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n sì fi wé owó iná. Nígbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìwọra ẹni tí ń ta yìnyín nìkan ni ó gbé owó rẹ̀ sókè. Epo ni a ń rà, tí a sì ń pè é ní yìnyín.

A KÌ Í GBÉ ETÍ ODÒ FI ITỌ́ BỌ́JÚ

Ohun tí ó dùn wá jù lọ nìyí. Lójú ọ̀nà kan náà tí Ofosu wà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá ti Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ wà, ní ilẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. A ṣí apá kìíní rẹ̀ ní 2007, a sì ṣe é kí ó lè pèsè 335 mẹ́gáwáàtì. A tún kọ́ apá kejì sí i, tí a ṣètò fún nǹkan bí 500. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ẹni tí ó sún mọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá ni yóò kọ́kọ́ rí iná, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Iná tí ó ń jáde níbẹ̀, orí okùn ńlá tí ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè ni ó ń bọ́ sí. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ilé àti ilé iṣẹ́ kékeré lè gbà lọ. Kí ìlú kan tó lè jẹ nínú rẹ̀, a ní láti kọ́ ibi tí a ó ti rẹ agbára náà sílẹ̀, kí a na okùn kékeré wọ ìlú, kí a sì gbé tiransifọ́mà sí àdúgbò. Okùn ńlá lè gba orí oko ènìyàn kọjá kí ilé olóko náà sì wà nínú òkùnkùn.

Iná kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Láti 1896 ni Èkó ti ní in. ECN ni ó gba iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, NEPA gbà á ní 1972, ní 2013 ni a sì fi pípín iná sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Orúkọ yí padà, jẹnẹrétọ̀ kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú mọ̀. Òfin iná ọdún 2023 fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa ṣe àkóso iná ní ilẹ̀ rẹ̀, ní 2024 ni a sì gbé àkóso náà lé Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá sọ fún ará Ofosu pé Àbújá nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ iná, kò sọ òtítọ́ tán. Àkúrẹ́ náà ní láti dáhùn.

OMI TÍ Ó DÌ KÌ Í ṢE OMI TÍ Ó MỌ́

Bí a ti ń bèèrè iná, kí a má ṣe gbàgbé omi. Èrò burúkú kan wà láàárín wa pé òtútù ń pa kòkòrò àrùn. Irọ́ ni. Òtútù lè mú kí kòkòrò náà sùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò jí nígbà tí yìnyín bá yọ́ nínú ife. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní ilẹ̀ Pérù ní 1991, àwọn oníwádìí rí i pé yìnyín tí a fi sínú ohun mímu tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà wà lára ohun tí ó tàn án kálẹ̀. Àrùn kan náà jà ní Èkó ní 2024. Yìnyín tí a fi omi kànga tí a kò tọ́jú ṣe lè wúlò fún mímú kí ìgò ọtí tutù láti ẹ̀yìn, nígbà tí a bá nu ìgò náà kí a tó mu ún. Kò yẹ kí a fọ́ ọ sínú ife. Yìnyín tí ó ti wà lára ẹja kò sì gbọdọ̀ dé inú korobá ẹni tí ń ta zóbò. Ẹni tí ń ta yìnyín ní ẹ̀tọ́ láti jèrè, ẹni tí ń rà á náà sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: Omi wo ni ẹ fi ṣe é?

YÌNYÍN GẸ́GẸ́ BÍ ẸLẸ́RÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́tí nìkan ni a ń sọ. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni ó ní láti wà láàárín díígírì 2 sí 8 láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é títí dé apá ọmọ. Bí ó bá gbóná, agbára rẹ̀ lọ. Òmíràn sì wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé bí ó bá dì, ó ti bàjẹ́. Inú àpótí tí a to yìnyín sí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ́ èjìká wọ inú oko àti ahéré. Ní oṣù Kẹjọ 2020 ni a kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tí ó jẹ́ ti ìṣẹ̀dá ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ó rìn ìrìn náà ni ìyìn yẹ, ṣùgbọ́n yìnyín bá wọn rìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá wà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wa. Ní oṣù Kínní 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní láti bẹ ará ìlú kí wọ́n gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ wọ ilé ìwé, ẹnikẹ́ni tí ó ní ojú lè kà wọ́n. Irú ìlérí tí a lè kà bẹ́ẹ̀ ni kí a máa béèrè. Bí olùdíje bá dé Ofosu, tí ó ní òun yóò mú iná wá, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó bi í léèrè: Níbo ni a ó ti rẹ agbára iná sílẹ̀ fún wa? Wákàtí mélòó lójúmọ́? Èló ni yúníìtì kan? Omi wo ni a ó máa mu, ta ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ọdún wo ni yóò parí?

Bí ó bá wá wọlé, tí ó sì ní òun ti ṣe é, kò sí ìdí láti jà. Iná tí a tàn fún wákàtí méjì nígbà tí àlejò ńlá dé lè tan ojú ènìyàn jẹ. Yìnyín kò ṣe é tàn jẹ. Bílọ́ọ̀kù ńlá kì í dì láàárín wákàtí méjì. Bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, àárín rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ omi nígbà tí ẹlẹ́ja bá dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kò mọ ẹgbẹ́, kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í sì í dì nítorí àsọyé. Ọjọ́ tí a bá ń ṣe yìnyín mímọ́ ní Ofosu láì lo dísù, tí owó rẹ̀ sì wà ní àrọ́wọ́tó ìyá ẹlẹ́ja, ọjọ́ náà ni a ó tó gbà pé iná ti dé.